Kòkòrò Ara Òdòdó Yín Kò Nílò Ọtapiapia

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn lè tètè múra: kò sí kòkòrò kankan lára òdòdó inú ilé tó yẹ kó mú wa fín ọtapiapia sínú yàrá tí èèyàn ń sùn. Kò sí. Èyí tó funfun bí òwú o, èyí tó wé mọ́ ọ̀mùnú ewé bí iná orí o, eṣinṣin funfun o, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè pa èèyàn. Oògùn tí a fi ń lé wọn ló lè pa èèyàn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dà bí àṣejù létí ẹlòmíì. Ẹ fara balẹ̀. Òdòdó inú ilé kì í ṣe nǹkan olówó nìkan mọ́. Ẹ gba ojú títì kọjá n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ ó rí àwọn tó to igi kéékèèké sínú ọ̀rá dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń tà á. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ní aloe vera kan lójú fèrèsé hostel. Ewé gígùn onílà tí àwọn òyìnbó ń pè ní snake plant, ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ló ti wá. Ẹbí ọ̀já-ìkookò tí àwọn àgbà mọ̀ ni. Ká má tíì sọ ti àwọn ìyá wa tó gbin ata àti ẹfinrin sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ti sán. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú kòkòrò. Oje ewé ló ń wá.

Ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹnì kan jí láàárọ̀, ó rí nǹkan funfun ní kọ̀rọ̀ ewé. Kò béèrè pé kí ni. Kò yẹ abẹ́ ewé wò. Ìgò kékeré tó fi ń pa aáyán ló nawọ́ mú, ó da díẹ̀ sómi, ó fín in, ó wá ti fèrèsé kí oògùn lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, òun àtàwọn ọmọ wọlé, wọ́n sùn.

Dichlorvos ló wà nínú ìgò yẹn. Àwọn míì ń pè é ní DDVP. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò ṣòroó yé. Bí iṣan kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí iṣan mìíràn, ó máa ń tú èròjà kan jáde tó ń jẹ́ acetylcholine. Tí iṣẹ́ náà bá ti dé ibi tí a rán an, òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó máa ń kó èròjà yẹn kúrò nílẹ̀ kíákíá kí iṣan lè sinmi. Ẹ fi wé ẹni tó dúró sídìí swíìṣì, tó ń pa iná gbàrà tí a bá ti lò ó tán. Dichlorvos á so ọwọ́ onítọ̀hún mọ́lẹ̀. Iná á wà ní títàn, kò sẹ́ni tó máa pa á. Kòkòrò á máa gbọ̀n, á máa yí gbirigbiri, títí ẹ̀mí á fi bọ́ lára rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ yẹn kan náà wà lára èmi àti ẹ̀yin. Bí oògùn yìí bá pọ̀ lára èèyàn, itọ́ á máa dà, òógùn á bò ó, ihò ẹyinjú á sún kì di bíńtín, á máa bì, á máa yàgbẹ́, mímí á nira, ara á máa gbọ̀n. Oògùn náà tún máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí òórùn rẹ̀ fi ń gba gbogbo ilé kan. Ọmọ tó ń rákò nílẹ̀ ni mo máa ń ronú sí jù, torí ara rẹ̀ kéré, ọwọ́ rẹ̀ ò sì kúrò lẹ́nu. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nítòsí yín, ẹ gbé onítọ̀hún bọ́ síta níbi afẹ́fẹ́, ẹ fi ọ̀rá bọ ọwọ́ kí ẹ tó bọ́ aṣọ tí oògùn kàn lára rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́. Epo pupa àti mílíìkì kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀ o.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ pariwo. Ní 2019, NAFDAC ní kí wọ́n yé ta ìgò kékeré rẹ̀, èyí tó jẹ́ 100 ml sísàlẹ̀, lọ́jà gbangba àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì, torí oògùn oko ni, kì í ṣe ti inú ilé. Ṣáájú ìyẹn, ní 2015, ilẹ̀ Yúróòpù ti ní àwọn ò gba ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà mọ́ nítorí dichlorvos tí wọ́n ń bá lára rẹ̀. Àwọn tó ń tajà lókè òkun kọ ẹ̀wà wa, àwa sì ń fín nǹkan kan náà sára ẹfinrin tí a fẹ́ já sọ́bẹ̀.

Àpárá kọ́ ni mo fi ẹfinrin dá. Ìyá kan wà nílé tí mo ń gbé tó gbin ẹfinrin dáadáa kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí pé, "Àbúrò, ìwọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, ṣé mo ti lè já nǹkan yìí sọ́bẹ̀? Àná ni mo fín in." Mo ní, "Mọ́mì, kí lẹ fi fín in?" Wọ́n na ìgò náà sí mi. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Inú wọn ò dùn rárá, wọ́n gé gbogbo ewé náà dànù, wọ́n sì ń sọ pé ẹ̀yin ọmọ yunifásítì yìí, ó kù díẹ̀ kí ẹ ní ká má jẹun mọ́. Nígbà tí mo wá wo abẹ́ ewé tó ṣẹ́kù, iná ewé díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ nìkan ì bá ṣàn án lọ.

Ó dáa, ká gbé ti ewu tì ná. Ṣé oògùn yìí tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lára òdòdó? Fún ọjọ́ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo kòkòrò olówùú, ìyẹn mealybug. Nǹkan funfun ara rẹ̀ yẹn kì í ṣe òwú, kì í sì í ṣe èbíbu. Ìda ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń sun ún jáde. Oògùn tí a fi omi pò á kàn yí dànù lára rẹ̀ bí omi orí ewé kókò. Abẹ́ ìda yẹn náà ló máa ń yé ẹyin sí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ẹ ti pa àwọn tó wà níta, àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún gbé ìgò.

Ti iná ewé, tí wọ́n ń pè ní aphid, tún yani lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Abo rẹ̀ kì í dúró de akọ. Ó kàn ń bímọ ni, ọmọ ààyè, kì í ṣe ẹyin. Ọmọ tó wà níkùn rẹ̀ náà ti ní ọmọ tirẹ̀ tó ń dàgbà níkùn kó tó dé ayé rárá. Ìyá, ọmọ, ọmọ-ọmọ, nínú ara kan ṣoṣo. Níbi tí ilẹ̀ bá ti móoru bíi tiwa, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ọmọ tuntun á ti máa bí tirẹ̀. Nítorí náà, bí mẹ́ta péré bá yè nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ fín, wọ́n á tún kún. Àwọn tó sì yè yẹn lè jẹ́ àwọn tí oògùn ò ràn. Irú iná ewé kan tó ń jẹ́ Myzus persicae wà tó ti sọ èyí diṣẹ́: ara rẹ̀ ń pèsè èròjà kan lọ́pọ̀ yanturu tó ń gbá oògùn irú èyí mú kó tó dé ibi iṣan. Àwa náà la yàn án, torí àwọn tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ la pa.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé oògùn náà máa ń pa àwọn tó ń bá wa jà fún òdòdó. Aláǹtakùn, kòkòrò pupa roboto tó ní àmì dúdú lẹ́yìn, àti àwọn agbọ́n wínníwínní tí ojú wa kì í tètè rí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí agbọ́n yìí, torí Ìbàdàn wa níbí ni ìtàn rẹ̀ ti wáyé, mi ò sì mọ ìdí tí wọn kì í fi í sọ ọ́ fún ọmọ ilé ìwé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò olówùú kan tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Áfíríkà láti apá Kóńgò. Phenacoccus manihoti lorúkọ rẹ̀, ẹ̀gẹ́ ló ń jẹ. Abo ni gbogbo wọn, wọn ò nílò akọ. Kò pẹ́ tó fi tàn káàkiri àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀gẹ́, ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́ á ká jọ bí ẹni di ẹ̀ṣẹ́, iṣu rẹ̀ ò sì ní tóbi. Àgbẹ̀ wo ló lówó tó máa fi ra oògùn tó tó oko ẹ̀gẹ́ fín? Bó bá tiẹ̀ ní in, ìda ń bẹ lára kòkòrò.

Àwọn onímọ̀ ní IITA, n'Íbàdàn, béèrè ìbéèrè mìíràn. Wọ́n ní, nílé kòkòrò yìí, kí ló dé tí kì í pa oko run? Ta ló ń dá a dúró níbẹ̀? Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ní 1981, wọ́n rí kòkòrò náà ní Paraguay, wọ́n sì rí ọ̀tá rẹ̀ pẹ̀lú: agbọ́n kan tí kò tó mílímítà 2, tí wọ́n ń pè ní Anagyrus lopezi. Agbọ́n yìí á fi ìdí gún kòkòrò olówùú, á yé ẹyin sí i nínú, ọmọ rẹ̀ á máa jẹ ẹ́ látinú títí á fi kù kìkì eèpo, agbọ́n tuntun á wá lu ihò síta. Lẹ́yìn àyẹ̀wò pé kò ní pa nǹkan mìíràn lára, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 1981 kan náà, lẹ́yìn náà káàkiri Áfíríkà, nígbà míì láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Agbọ́n náà borí. Ní 1995 wọ́n fún Herren ní World Food Prize. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí máńgòrò ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí kòkòrò olówùú mìíràn ń bá igi máńgòrò jà ní Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Agbọ́n kan láti Íńdíà tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Tógò ní 1987 ló gba wọ́n.

Mi ò ní kí ẹ lọ ra agbọ́n. Nínú yàrá tó ní nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, irú àwọn ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ráyè wọlé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣe iṣẹ́ agbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ará IITA kọ́kọ́ ṣe: wọ́n kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà.

Èèrà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ bá rí èèrà tó tò lọ sókè igi inú ìkòkò, ẹ má pa á, ẹ tẹ̀ lé e. Kò wá jẹ ewé. Àwọn kòkòrò tó ń fa oje mu máa ń fa ju ohun tí wọ́n nílò lọ, ṣúgà tó ṣẹ́kù á máa kán láti ìdí wọn bí oyin, òun ni èèrà ń wá lá. Ó ń sìn wọ́n bí ẹni sin màlúù. Bí kòkòrò pupa roboto yẹn bá wá pa wọ́n jẹ, èèrà á lé e. Oyin yìí náà ló ń mú kí ewé máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Tó bá pẹ́, nǹkan dúdú á hù lé e lórí bí èéfín ara ògiri ilé ìdáná. Àwọn kan á ní àrùn ewé nìyẹn, wọ́n á máa wá oògùn rẹ̀ kiri. Ẹ pa ẹni tó ń kán oyin, dúdú náà á tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ewé dà. Òwú ní ìkóríta ewé àti ìtí, ẹ ti mọ ìyẹn. Àwọn kéékèèké aláwọ̀ ewé tàbí dúdú tó ṣù mọ́ ọ̀mùnú, iná ewé ni. Bí ẹ bá gbọn igi tí nǹkan funfun sì fò jáde bí eruku, eṣinṣin funfun ni, ẹbí èyí tó ń gbé àrùn mósáíìkì kiri nínú oko ẹ̀gẹ́. Bí ẹ bá rí èépá kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ lára ìtí, ẹ fi èékánná họ ọ́. Bó bá ṣí kúrò, kòkòrò ni, kì í ṣe ara igi.

Ọ̀kan wà tí kì í ṣe kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà rárá. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, ìbátan aláǹtakùn àti eegbọn ni, ó sì kéré débi pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ìgbà ọyẹ́ ló ń gbádùn jù, nígbà tí ilé bá gbẹ. Ewé á ní àmì ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, okùn wínníwínní bíi ti aláǹtakùn á wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ di bébà funfun mú sábẹ́ ewé, kí ẹ gbọn ewé náà. Bí àmì tó bọ́ sílẹ̀ bá ń rìn, òun nìyẹn. Oògùn apakòkòrò sábà máa ń mú kó pọ̀ sí i ni, torí àwọn tó ń pa á jẹ ló ń kú. Omi ló kórìíra.

Ìtọ́jú wá ńkọ́? Ẹ gbé igi náà kúrò láàárín àwọn yòókù. Ẹ gbé e lọ sílé ìwẹ̀, ẹ fi ọ̀rá bo ilẹ̀ inú ìkòkò, kí ẹ dorí ewé kodò, kí ẹ fi omi tó lágbára díẹ̀ ṣan abẹ́ rẹ̀. Èyí nìkan á kó ọ̀pọ̀ iná ewé àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ lọ. Fún kòkòrò olówùú àti èépá, ẹ ti òwú bọ sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì, ẹ fi pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan; ó máa ń yọ́ ìda wọn. Kí ẹ má ṣe é nítòsí iná.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọṣẹ. Ibí yìí ni inú mi ti máa ń dùn. Ọṣẹ tí wọ́n ń tà lókè òkun fún pípa kòkòrò ara ewé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀rá tí a pò mọ́ pòtáṣíọ̀mù. Eérú ló ń fún ọṣẹ dúdú wa ní pòtáṣíọ̀mù tirẹ̀, epo tàbí àdín ló ń fún un ní ọ̀rá. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ọṣẹ á wọ inú ìda àti ara kòkòrò, omi ara rẹ̀ á tú jáde. Ó ń pa kìkì èyí tó bá kàn nígbà tó ṣì tutù; tó bá ti gbẹ, kò sí oró tó kù sílẹ̀ de ọmọ yín. Bó ṣe yẹ ni: ìwọ̀n ṣíbí tíì kan sí lítà omi kan, ẹ pò ó títí á fi yọ́, ẹ fín in ní ìrọ̀lẹ́, abẹ́ ewé ni kí ẹ dojú kọ. Àmọ́ ọṣẹ dúdú kan máa ń mú ju òmíràn lọ, nítorí eérú inú wọn ò dọ́gba. Ewé kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ kọ́ ni mo ń sọ o. Ìyẹn á jó ewé.

Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, torí ẹyin tí ọṣẹ ò pa á ti pa láàárín ìgbà yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́ nìyí, wọ́n á ní ọṣẹ ò ṣiṣẹ́. Mo gbà pé ó gba sùúrù ju ìgò kékeré lọ. Ẹnì kan bi mí pé ta ló ráyè. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́sẹ̀ kan, fún igi tí ẹ fowó rà tí ẹ sì ń ya fọ́tò rẹ̀ sí status.

Dóńgóyárò náà dáa, hóró èso rẹ̀ ju ewé rẹ̀ lọ, kò sì pẹ́ kí oòrùn tó ba agbára rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni tòun náà. Ṣùgbọ́n mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ohun tó bá ti jẹ́ ewé kò lè pani lára. Omi tábà tí wọ́n ń pín fídíò rẹ̀ kiri lórí WhatsApp, nicotine ló wà nínú rẹ̀, iṣan lòun náà ń bá jà, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Kẹrosíìnì náà, ewé ló máa kọ́kọ́ pa.

Ti eṣinṣin kéékèèké dúdú tó ń fò jáde nínú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò, ẹ má fín nǹkankan. Omi tí ẹ ń bù sí i ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí ojú iyẹ̀pẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó tún bomi rin ín. Ẹ gé ike aláwọ̀ òféèfé bí ẹyin adìẹ, ìyẹn yẹ́lò, ẹ fi gírísì pa á, ẹ gbé e tì í. Yẹ́lò máa ń fà wọ́n, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn.

Igi tuntun tí ẹ bá rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ jẹ́ kó dá gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kó tó bá àwọn yòókù ṣe pọ̀. Ẹ yẹ ìdí rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó, bí ẹni yẹ tòmátì wò lọ́jà. Ẹni tó ń tà á á bínú díẹ̀, kò burú. Ẹ má da ajílẹ̀ bò ó ní àdàjù, torí ewé rírọ̀ tó yára hù ni iná ewé fẹ́ràn jù. Ẹ sì máa fi àkísà tútù nu ewé nígbà tí ẹ bá ń nu ilé.

Bí igi kan bá sì wà tí kòkòrò ti bo gbòǹgbò rẹ̀, tí ẹ ti ṣan, tí ẹ ti fín ọṣẹ fún oṣù kan gbáko, ẹ gé ọ̀mùnú kan tó mọ́ níbẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ tì í bọ inú omi kó lè ta gbòǹgbò. Ìyókù, ẹ dì í sínú ọ̀rá tòun tiyẹ̀pẹ̀, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ gbé e sílẹ̀ de àwọn tó ń kó ilẹ̀. Ìkòkò yẹn nìkan ni kí ẹ fọ̀ kí ẹ tún lò.